Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Tí Wọ́n Wọ̀ Lẹ́wù Ààbò

Àǹtí mi tó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló na fóònù sí mi lọ́jọ́ Sátidé kan. Fídíò ni. Àwọn ọkùnrin tó daṣọ bojú ń fa ẹnì kan jáde nínú mọ́tò ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan ń lọgun tẹ̀ lé wọn. Àǹtí fi ìka tí gàrí ti bò tọ́ka sí lẹ́tà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù ọ̀kan nínú wọn. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Àbí ibi iṣẹ́ ọmọ mi náà nìyí?"

Ọmọ méjì ni Àǹtí ní lọ́hùn-ún. Èyí tó bí fúnra rẹ̀, obìnrin, ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú ló sì ti ń ṣiṣẹ́: òun ló máa ń wo báàgì àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ nínú ẹ̀rọ. Èkejì jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti ṣaláìsí, tí Àǹtí tọ́ dàgbà. Físà àbẹ̀wò ni ìyẹn bá lọ, ọjọ́ físà sì ti pé tipẹ́tipẹ́. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nínú ilé wọn, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń sùn tì wọ́n. Ọ̀kan wọ yunifọ́ọ̀mù ìjọba, èkejì ń sá fún yunifọ́ọ̀mù.

Mo sọ fún Àǹtí pé ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn o, ICE ni wọ́n kọ síbẹ̀, àwọn tó ń mú ẹni tí kò níwèé. Àmọ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ní, mínísítà kan náà ni gbogbo wọn ń jíṣẹ́ fún. Ó wò mí bí ẹni tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Báwo ni ẹni tó ń yẹ báàgì wò ṣe máa ní ọ̀gá kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń lé ọmọ rẹ̀ kiri? Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ìdí igbá gàrí lọ, òun ni mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ níbí.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú sọ́wọ́ ara rẹ̀ lọ́dún 1891, iléeṣẹ́ ìṣúná ni wọ́n kó o fún. Wọ́n ń gba owó orí lórí ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó ni lójú wọn. Lọ́dún 1903 ó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìṣòwò àti iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n la ìyẹn sí méjì lọ́dún 1913, apá iṣẹ́ ló bọ́ sí, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún 27. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Fún ọdún 27, mínísítà tó ń bójú tó owó iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé àti ẹni tí wọ́n máa dá padà. Lójú òfin ìgbà náà, alágbàṣe tó wá láti òkèèrè ni àjèjì jẹ́, kó tó jẹ́ ohunkóhun mìíràn.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀ wù mí láti sọ, nítorí àwọn tó ń jiyàn lórí ICE lónìí kì í sábà dé ìdí rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Harry Bridges, ọmọ Ọsirélíà, tó ń kó ẹrù ní èbúté San Francisco. Lọ́dún 1934, òun ló ṣíwájú àwọn alẹ́rù èbúté ní gbogbo etíkun ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì ó lé. Inú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ò dùn sí i. Wọ́n ní kọ́múníìsì ni, kí wọ́n dá a padà sí ìlú tó ti wá. Ẹni tí àṣẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, Frances Perkins, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ààrẹ Amẹ́ríkà. Perkins ní òun máa dúró de ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ máa sọ lórí ẹjọ́ mìíràn tó jọ ọ́. Sùúrù yẹn ló di ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kìíní 1939 wọ́n gbé ìwé síwájú ilé aṣòfin pé kí wọ́n yọ ọ́ nípò. Ìwé náà kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1940, tí ogun ti ń jó Yúróòpù, Ààrẹ Roosevelt kó gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú kúrò lábẹ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́, ó kó o fún iléeṣẹ́ ìdájọ́. Wọ́n ní nítorí ààbò ìlú ni.

Bridges ò kúrò níbì kankan. Lọ́dún 1945 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé àṣẹ tí wọ́n fẹ́ fi lé e lọ, ọdún yẹn náà ló sì di ọmọ onílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwọ̀lú ni kò padà sílé rẹ̀ àtijọ́ mọ́.

Bí Ìjẹ̀bú bá ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kó ti máa rẹ́rìn-ín sínú, torí ọ̀rọ̀ bodè kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́ wa. Àwọn ará ìta ló máa ń sọ nípa wa pé: Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á fi ṣẹbọ lálẹ́. Ẹbọ ni òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n owó bodè ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀nà tó ti Èkó wá, tó gba ilẹ̀ wa kọjá sókè, ọwọ́ wa ló wà. Ẹrù tó bá ń gòkè àti èyí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú ló gbọ́dọ̀ gbà, kí oníbodè sì gba tirẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí àjèjì kọjá fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wa nìyẹn. Ní oṣù kìíní 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ní Èkó pé ọ̀nà máa ṣí, kí Gẹ̀ẹ́sì máa san £500 lọ́dún dípò owó bodè. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ṣí ibùdó Ellis Island ní New York, níbi tí àwọn àjèjì tó lé ní mílíọ̀nù 12 kọjá kó tó di pé wọ́n tì í. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjà dé, wọ́n ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ọ̀nà sì ṣí tipátipá.

Ìdí tí mo fi mú ìyẹn wá ni pé ìgbà tí mo bá gbọ́ "ààbò ẹnubodè", etí mi máa ń wá owó kiri nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí n kì í rí i.

Ó di ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, ọjọ́ tí àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu Amẹ́ríkà. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, iléeṣẹ́ aládàáni tí àwọn onílé-ọkọ̀ òfuurufú gbà síṣẹ́ ló ń yẹ báàgì wò ní Amẹ́ríkà. Owó tí wọ́n ń san kéré, àjèjì ló sì pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é. Ní San Francisco, ọmọ Philippines pọ̀ nínú wọn bí omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni òfin tuntun jáde tó dá TSA sílẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń yẹ èrò àti ẹrù wò ní pápákọ̀, níbi tí ọmọ Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́, tó sọ iṣẹ́ náà di ti ìjọba, tó sì ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú (green card) lè wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó lè gbé ìbọn lọ sójú ogun fún wọn, ṣùgbọ́n kò lè wo báàgì nínú ẹ̀rọ. Àwọn tó ti ṣe é fún ọdún gbọọrọ kó ẹrù wọn lọ sílé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìjà gidi dé. Ààrẹ Bush fẹ́ kó iléeṣẹ́ ìjọba 22 pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan tí yóò máa jẹ́ iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé. Lórí kíkó wọn pọ̀, ìjà ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ìjà tó wà ni pé: àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú àwọn iléeṣẹ́ náà, ṣé ẹgbẹ́ wọn máa ṣì lè jókòó dúnàádúrà pẹ̀lú ọ̀gá? Bush ní rárá, ọ̀rọ̀ ààbò ò dúró de ìpàdé. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè gbà síṣẹ́, kó lé, kó sì gbé ẹni láti ibì kan lọ sí ibòmíràn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn Dẹmọkírátì tó pọ̀ jù nílé aṣòfin àgbà nígbà náà ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ kú. Òfin náà há síbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ìbò ló tú u. Max Cleland, sẹ́nétọ̀ láti Georgia, ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì àti apá ọ̀tún sílẹ̀ lójú ogun Vietnam. Ó wà lára àwọn tó dìbò fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Alátakò rẹ̀ gbé ìpolówó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwòrán Osama bin Laden àti Saddam Hussein nínú rẹ̀, ó ní Cleland dìbò tako ààbò ìlú. Ọkùnrin tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́ nítorí ìlú rẹ̀! Ó fìdí rẹmi ní oṣù kọkànlá 2002. Kò pé oṣù kan tí òfin náà fi kọjá, Bush fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 25 oṣù náà. Láti ìgbà náà ni kò ti sí olóṣèlú kan tó gbọ́n tó máa fẹ́ kí wọ́n tún bi òun pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ààbò, èwo ló yàn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2003, wọ́n tú iléeṣẹ́ ìwọ̀lú àtijọ́ ká. Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde nínú rẹ̀ ń fún ni níwèé, ọ̀kan ń ṣọ́ ẹnubodè, ọ̀kan ń wá ẹni tí kò níwèé káàkiri inú ìlú. Ẹ̀kẹta yìí ni ICE. Gbogbo wọn ṣí lọ sínú iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé, TSA náà sì wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Àǹtí àti àwọn tó daṣọ bojú ṣe di ará ilé kan náà. Láti iléeṣẹ́ owó sí ti iṣẹ́, láti ti iṣẹ́ sí ti ìdájọ́, láti ti ìdájọ́ sí ti ààbò: ohun kan náà ni wọ́n ń gbé kiri.

Ẹ wo ti ọmọ Àǹtí ná. Ní oṣù kìíní 2003 ni ọ̀gá TSA ti kọ̀wé pé àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ò gbọ́dọ̀ dúnàádúrà, nítorí ogun tí wọ́n ń bá apániláyà jà. Ọdún 2011 ni wọ́n tó yọ̀ǹda díẹ̀ fún wọn. Owó oṣù wọn, tó ti ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀, gbéra ní oṣù keje 2023. Ní oṣù kẹta 2025, mínísítà tuntun nígbà náà, Kristi Noem, fagi lé àdéhùn tí ẹgbẹ́ wọn bá TSA ṣe, èyí tó kan nǹkan bí òṣìṣẹ́ 47,000. Ní oṣù kẹfà, adájọ́ kan ní Seattle ní kí wọ́n dá a padà.

Àwọn tó ti Noem lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní pápákọ̀ kì í ṣe ọjà, bí ẹ̀ṣọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ìlú ló dúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ti sọ tipẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1981 Ààrẹ Reagan lé àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti orí ilẹ̀, tó lé ní 11,000, nítorí ìyẹn. Nítorí náà kì í ṣe ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ Àǹtí. Àga tó fi ń jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Ohun tó sì jẹ́ kí n fura nìyí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹta 2025 ni Ààrẹ Trump fi àṣẹ yọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kúrò nínú iléeṣẹ́ ìjọba púpọ̀, ó ní ààbò ìlú ló fà á, ṣùgbọ́n ó dá ọlọ́pàá àti panápaná sí. Ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wà lára àwọn tó polongo fún un láti 2016. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń ba ààbò jẹ́, ṣebí ẹni tó gbé ìbọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà tilẹ̀kùn fún ọjọ́ 43, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2025, torí pé àwọn aṣòfin ò fẹnu kò lórí owó. Iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé wá owó fún àwọn agbófinró rẹ̀ tó lé ní 70,000, ICE àti ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè wà nínú wọn. Àwọn tó ń yẹ báàgì wò, wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa bọ̀ níbi iṣẹ́, owó ń bọ̀ lẹ́yìn. Oṣù yẹn ni owó tó máa ń wá fún Àǹtí ò wá. Ó sọ fún mi nígbà náà pé ọmọ òun ní ìjọba ò san owó oṣù, mo sì rò pé ó ń ṣàlàyé Nàìjíríà fún mi.

Ti ọmọ àbúrò rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ta kókó. Títí di 1986, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti gba ẹni tí kò níwèé síṣẹ́. Òfin tí Reagan fọwọ́ sí lọ́dún yẹn ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, lọ́jọ́ kan náà tó ṣílẹ̀kùn ìwé fún àwọn tó tó mílíọ̀nù 2.7. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù, kó mú ìwé wá. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńláńlá fara mọ́ ọn nígbà náà. Wọ́n rò pé bí ọ̀gá bá mọ̀ pé òun máa san owó ìtanràn, kò ní máa fi àjèjì já owó ọmọ onílẹ̀ wálẹ̀. Lọ́dún 2000, AFL-CIO, tó jẹ́ àpapọ̀ wọn, ní àwọn ti yí ọkàn padà. Wọ́n ti rí i pé òfin náà ti di pàṣán lọ́wọ́ ọ̀gá: bí àwọn àjèjì bá ti fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá á ní, "Ẹ jẹ́ n tún wo ìwé yín."

Ẹjọ́ kan wà tó fi í hàn kedere. Òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ ike kan ní California bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ẹgbẹ́, wọ́n lé e lọ́dún 1989. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀gá rú òfin, kó san nǹkan bí $67,000, owó tí ọkùnrin náà ìbá ti gbà. Ó wá hàn pé kò níwèé. Ní oṣù kẹta 2002, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ẹjọ́ náà, adájọ́ 5 sí 4: ọ̀gá ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n ní òfin ìwọ̀lú ló lékè. Ọ̀gá tó rú òfin iṣẹ́ jáde láìsan gbèsè, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ ti kọ́kọ́ rú òfin mìíràn.

Kì í ṣe pé ẹni tí kò níwèé ò lẹ́tọ̀ọ́ kankan o. Wákàtí tó bá ti ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ san án, owó iṣẹ́ tó kéré jù ($7.25 fún wákàtí ní ti ìjọba àpapọ̀, láti 2009) kàn án bó ṣe kan ọmọ onílẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé wà níta òfin yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní "alábàákẹ́gbẹ́" lásán ni wọ́n. Ìlànà 2013 ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé. Ní oṣù keje 2025 iléeṣẹ́ iṣẹ́ dábàá pé kí wọ́n tún kó wọn jáde. Mélòó nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ yìí ń bọ́? Ẹ béèrè nílé yín, lójúlé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu tó fẹ́ fi béèrè rẹ̀ ńkọ́? Bí ọmọ yẹn bá lọ fẹjọ́ sùn pé wọ́n jẹ òun lówó, ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀, ilé tó ń gbé, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2021 ìjọba Biden ní kí ICE má ṣe máa ya wọ ibi iṣẹ́ láti kó èèyàn rẹpẹtẹ mọ́, kí òṣìṣẹ́ lè rí ẹnu fẹjọ́ ọ̀gá sùn. Ìjọba tó dé lẹ́yìn rẹ̀ yí ìyẹn padà. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2025 wọ́n ya wọ ilé iṣẹ́ bátìrì tí Hyundai àti LG ń kọ́ ní Georgia, wọ́n kó 475, ọmọ Korea sì lé ní 300 nínú wọn. Àwọn tó wá kọ́ iléeṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wá kọ́ ni wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so.

Ibi tí mo ti rí owó nínú ọ̀rọ̀ náà lójú korokoro ni oṣù kẹfà 2025. Àwọn àgbẹ̀ àti onílé ìtura ké sí Trump pé òṣìṣẹ́ àwọn ń sá. Àṣẹ jáde pé kí wọ́n fi oko, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ sílẹ̀ ná. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n tún ní kí wọ́n máa mú wọn lọ. Bó bá jẹ́ ààbò nìkan ni, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó léwu kì í dẹni tí kò léwu torí pé tòmátò ti pọ́n. Ìjà lórí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti iye tó máa gbà ni, ìjà tó wà lábẹ́ Frances Perkins náà ni. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ 4 oṣù keje, ICE gba owó tó tó bílíọ̀nù $75 nínú òfin ìṣúná tuntun, $45 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ fún àgọ́ àtìmọ́lé nìkan. Níbi tí mo ka a dé, n kò rí iye tó jọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò bóyá ọ̀gá ń san owó iṣẹ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ Nàìjíríà ti dúró pẹ̀lú àṣẹ tí Trump fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá. Àǹtí ò lè lọ wò wọ́n. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ò lè wá sin òkú kankan.

Kí a má wulẹ̀ máa fojú burúkú wo Amẹ́ríkà nìkan. Abala 11 òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n, ti Kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ò gbọ́dọ̀ dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan, bíi sójà, bíi ọlọ́pàá. Ohun tí wọ́n jà lé lórí fún oṣù bíi mélòó kan ní Washington, àwa ti kọ ọ́ sínú òfin, a sì ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ páásípọ́ọ̀tù yín wò ní Sẹ̀mẹ̀ ò ní ẹgbẹ́ tó lè bá a béèrè owó oṣù tó pẹ́. Ibi tí wọ́n ti máa ń wá owó mìíràn, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn kọjá rí mọ̀ ọ́n.

Àwa náà la lé àwọn ará Gánà. Oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé kúrò láàárín ọjọ́ 14, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà tó di ẹrù sínú àpò tá a ń pè ní Gáná-mọ́sí-gò títí dòní. Wọ́n ní olè ni wọ́n, wọ́n ní wọ́n ń gba iṣẹ́. Owó epo ló ti wálẹ̀. Àwọn náà ti lé tiwa ní 1969, tí Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó padà wálé, oko kòkó Gánà ò sì tètè rí alágbàṣe mọ́.

Ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, bí ẹ bá ti ń jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, àgbàlá kan wà tí wọ́n ti ń lu búlọ́ọ̀kù. Mo lọ ra ọgọ́rùn-ún kan níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí Àǹtí fi fídíò yẹn hàn mí. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí ṣọ́bìrì tó dà bolẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí dé orúnkún, kò ṣiṣẹ́, kò sì lọ. Ọmọ Kútọ́nu ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìlú òun jìnnà sí Kútọ́nu dáadáa. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́ ọjọ́ 14. Ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ, ó ń bá mi ka búlọ́ọ̀kù, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi sọ ọ́: "Ṣé kí n pe Ìmígíréṣọ̀n fún ẹ ni?"

Àdéhùn ECOWAS láti 1979 fún ọmọ yẹn láyè láti wọ Nàìjíríà fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n jẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbé, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ rí. Owó iṣẹ́ tó kéré jù, ₦70,000 lóṣù láti 2024, kò dé àgbàlá yẹn, nítorí pé ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé 25 wà lóde òfin náà. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé gbèsè tó jẹ ò kan Ìmígíréṣọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ka búlọ́ọ̀kù yín."

Mo padà lọ ní ọjọ́ Tuesday fún ìyókù. Ọmọ náà ti lọ. Ẹnì kejì rẹ̀ tó ń po sìmẹ́ǹtì ní wọ́n san owó ọjọ́ 9 fún un, ó sì ti wọ mọ́tò Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀.